Igi Mirtilli Méje Tí Màmá Hú

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù Kejì

Mo ti ibi iṣẹ́ dé ní agogo méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀yìnkùlé mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Màmá, ìyá Bàbá Victory ọkọ mi, dúró láàárín rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ró ìró lé ṣòkòtò òtútù, ẹrẹ̀ sì dé orúnkún wọn. Inú wọn ń dùn.

“Ìyàwó mi, káàbọ̀. Mo ti bá yín tún ibẹ̀ ṣe. Gbogbo igi gbígbẹ yẹn, ejò lẹ fẹ́ fi pè wá sílé ni?”

Mo wo ìdí ògiri. Igi mirtilli Signora Ornella, onílé wa, àwọn igi kúkúrú tó ń so èso dúdú kéékèèké, ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo kà á: ihò méje. Ọkọ́ ni wọ́n fi hú gbogbo rẹ̀ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, wọ́n ṣẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, wọ́n sì kó o sínú stufa, ààrò tí a fi ń yáná. Ilé gbóná ju ti ìgbàkígbà lọ.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún rèé tí Màmá ti Ìkìrun dé Yúróòpù. Wọn ò rí irú igi tó ń sùn bẹ́ẹ̀ nígbà òtútù rí. Lójú wọn, igi kékeré tí kò ní ewé kan ṣoṣo lára, tó rí tín-ín-rín bí ọwọ̀, ó ti kú nìyẹn. Èmi ló yẹ kí n sọ fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Mi ò rántí.

Mo ní: “Ẹ ṣeun, mà. Ẹ kú iṣẹ́.” Mo wọ ilé ìwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sílẹ̀.

Ọjọ́rú, 12 oṣù Kejì

Inú mọ́tò la ti sọ ọ́, níwájú súpámákẹ́ẹ̀tì, kí Màmá má baà gbọ́. Bàbá Victory ò pariwo. Ó gbé orí lé sítíà.

“Ogún ọdún ni igi yẹn,” mo ní. “Ọkọ Signora ló gbìn ín lọ́dún tó fẹ̀yìn tì. Ṣé ẹ ó sọ fún Màmá?”

“Kí n sọ kí ni? Pé ohun tí òkú ọkùnrin fi sílẹ̀ fún opó rẹ̀ ni wọ́n fi yáná? Oúnjẹ ò ní kọjá ọ̀fun wọn mọ́ títí wọ́n á fi padà.”

“Signora fúnra rẹ̀ ńkọ́?”

“Ìyá Victory, trentuno maggio, ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù Karùn-ún. Ìyẹn nìkan ni kó o rántí.”

Mi ò gbàgbé rẹ̀ rí láti ìgbà Kérésìmesì. Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kọkànlá ni ọdún mẹ́jọ tó wà nínú contratto wa, ìwé àdéhùn ilé, máa pé. Bí Signora bá fẹ́ ká kó jáde, raccomandata rẹ̀, lẹ́tà tí a máa ń fọwọ́ sí kí a tó gbà á, gbọ́dọ̀ tẹ̀ wá lọ́wọ́ kí oṣù Karùn-ún tó parí. Bí kò bá dé, a ní ọdún mẹ́rin mìíràn, ní 480 euro kan náà lóṣù. Fabio ọmọ rẹ̀ fẹ́ ta ilé. Ẹnu rẹ̀ ló fi sọ fún wa pé ìyá òun ni kò tíì gbà. Orí wa lókè ni Signora ń gbé títí di oṣù Kọkànlá tó kọjá, tó ṣubú lórí àtẹ̀gùn, tí egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Ó wà lọ́dọ̀ Fabio ní Padova báyìí, ó ń kọ́ ìrìn. Bó bá ti pè, ìbéèrè rẹ̀ kẹta ni: “Àwọn mirtilli mi ńkọ́?”

Mo ti dé agenzia mẹ́ta, ọ́fíìsì àwọn alágbàtà ilé, ní Brescia. Ilé oníyàrá méjì, 820. Owó oṣù mẹ́ta sílẹ̀, owó agenzia lọ́tọ̀. Ní ibì kan, ilé wà títí mo fi dárúkọ ara mi.

“Ẹ jẹ́ ká gbin òmíràn,” mo ní. “Kó lè bá nǹkan níbẹ̀ tó bá dé.”

“Gbìn ín. Ṣùgbọ́n má sọ nǹkan kan fún un. Bí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá, a ó jọ lọ bẹ̀ ẹ́.”

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù Kejì

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí vivaio, níbi tí wọ́n ti ń ta igi gbíngbìn. Bàbá arúgbó kan ló ni ín, pẹ́ńsùlù wà létí rẹ̀. Mo ní mo fẹ́ mọ ìgbà tí wọ́n ń gbin mirtilli àti bí wọ́n ṣe ń gbìn ín. Ó ní àsìkò rẹ̀ rèé, kí ojú ewé tó là, ṣùgbọ́n kí n dúró kí ilẹ̀ tó dì nítorí òtútù tú ná. Ó bi mí pé ibo ni mò ń gbé. Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó pè mí ní Signora, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo obìnrin àgbà níbí.

“Signora, ẹfun ni gbogbo ilẹ̀ yín níbẹ̀. Mirtilli ò fẹ́ ẹ. Ilẹ̀ kíkan ló fẹ́. Ẹ wo inú kẹ́tùlù yín. Nǹkan funfun tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ yẹn, òun náà ló wà nínú ilẹ̀, òun náà ló wà nínú omi ẹ̀rọ.”

“Ṣé kò lè fara dà á ni?”

“Ṣé màlúù lè jẹ ẹran?”

Ohun tó kọ sí bébà fún mi nìyí. Ihò tó fẹ̀ ní àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà ní ìbú àti òró, kó jìn ní ogójì. Kí n kó ilẹ̀ ibẹ̀ dànù, kí n fi torba, ilẹ̀ dúdú kíkan tí wọ́n ń tà ní àpò, rọ́pò rẹ̀. Kí n má gbin igi náà jìn ju bó ṣe wà nínú ìkòkò rẹ̀ lọ, torí gbòǹgbò rẹ̀ kì í jìn. Kí n da èèpo igi páìnì bo ìdí rẹ̀. Oòrùn dáadáa. Omi òjò nìkan. Kò gbọdọ̀ sí ìgbẹ́ ẹran. Kí n ra oríṣi méjì, kí oyin lè máa lọ láti ọ̀kan sí èkejì, èso á pọ̀ sí i.

Mo ṣírò rẹ̀ lórí ìdúró. Ihò kan, ọgọ́rùn-ún lítà. Méje, 700. Àpò torba kan jẹ́ ọgọ́rin lítà, 12.50. Àpò mẹ́sàn-án, 112.50. Igi kan 13.90, méje 97.30. Bébà tí wọ́n fi ń wọn kíkan ilẹ̀, 6.90. Gbogbo rẹ̀ 216.70. Mo ra bébà nìkan, mo ní mò ń bọ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi, 16 oṣù Kejì

Lẹ́yìn ìsìn, mo fi bébà náà wọn ilẹ̀; bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ilẹ̀ ṣe kan tó. Ibi tó kù nínú ẹ̀yìnkùlé: méje àbọ̀. Inú ihò méje yẹn: márùn-ún! Signor Bruno, ọkọ Signora, ti po torba síbẹ̀ láti ogún ọdún sẹ́yìn. Ọkọ́ Màmá ti tú u ká, ṣùgbọ́n ó dúdú, mo dá a mọ̀ lára ilẹ̀ tó kù. Mo fi ìgbálẹ̀ àti páálí gbá a jọ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjìlélógún, lítà méjìlá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: 264. Àpò mẹ́fà péré ni mo máa rà. Mo ti yọ 37.50.

Inú mi dùn. Lẹ́yìn náà ojú tì mí. Ilẹ̀ tí òkú pò ni mò ń fi ìgbálẹ̀ kó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù Kejì

Mo lọ sọ́dọ̀ Yéjídé tó ń ta oúnjẹ ilẹ̀ wa nítòsí stazione, ibùdó ọkọ̀ ojú irin, mo ní kó fún mi ní kẹ́ẹ̀gì epo pupa òfìfo mẹ́jọ.

“Mẹ́jọ? Ilé epo lo fẹ́ ṣí ni?”

“Omi òjò ni mo fẹ́ gbè.”

“Ẹ gbà mí o! O kúrò ní Nàìjíríà, o wọ bàálù, o dé Yúróòpù, o tún ń gbe omi òjò. Ẹni tó ṣépè fún ẹ ò gbàgbé nǹkan kan.”

Ó fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Omi gbígbóná àti ọṣẹ, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí epo má kù nínú rẹ̀. Lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ́nà mẹ́jọ, 200.

Ọjọ́ Ìsinmi, 23 oṣù Kejì

Signora pè. Mo ní àwọn mirtilli rẹ̀ wà dáadáa. Irọ́ kìíní.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù Kẹta

A gbìn ín lónìí. Ilẹ̀ ti rọ̀, oòrùn sì yọ. Bàbá Victory gbẹ́ ihò, èmi po ilẹ̀. Mẹ́rin oríṣi Duke, mẹ́ta Bluecrop. Mo ri ìkòkò kọ̀ọ̀kan sínú omi òjò títí tí kò fi hó mọ́. Mo fi ìka tú gbòǹgbò tó ti lọ́ mọ́ra wọn. Mítà kan àti ogún sẹ̀ǹtímítà sí àárín wọn, bí Signor Bruno ṣe fi sílẹ̀. Èèpo páìnì ló kẹ́yìn, ó nípọn tó ìka mẹ́rin. Ọ̀fẹ́ ni mo rí i níbi tí wọ́n ti ń la igi. Mo wọn ilẹ̀: márùn-ún. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Ṣùgbọ́n wọn ò ga ju orúnkún mi lọ. Àwọn ti tẹ́lẹ̀ ń dé àyà mi. Afọ́jú pàápàá ò ní ṣi èyí mú fún ìyẹn.

Màmá ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà. “Kí lẹ tún ń gbìn?”

“Igi eléso ni, mà.”

“Ibi tí mo ti hú igi lẹ tún gbin igi sí?”

Bàbá Victory ní: “Màmá, èyí yàtọ̀.”

“Ẹ ò sì bu eérú sí i. Gbogbo eérú tó wà nínú stufa yẹn.”

“Kò nílò eérú, mà,” mo ní.

“Ó dáa,” ni wọ́n wí, wọ́n wọlé.

Ọjọ́ Ìsinmi, 9 oṣù Kẹta

Signora pè. “Ṣé ojú wọn ti ń wú?”

“Sì, sì, tutto bene.” Pé gbogbo rẹ̀ wà dáadáa: ọ̀rọ̀ mẹ́rin, irọ́ kejì.

“Má gé ẹ̀ka kankan o. Bruno nìkan ló mọ ibi tí wọ́n ti ń gé e.”

“Mi ò ní gé e.” Kò sí irọ́ nínú ìyẹn.

“Ya fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí mi.”

Mo ní kámẹ́rà fóònù mi ti bàjẹ́. Victory gbójú sókè nídìí iṣẹ́ àṣetiléwá: “Mamma, ma funziona!” pé ó ń ṣiṣẹ́. Mo bojú wò ó, ó pa ẹnu dé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá. Orí tábìlì oúnjẹ ni mo ti kọ́ ọ ní irọ́.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù Kẹta

Òjò ọjọ́ mẹ́ta. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ kún. Igi kan, lítà mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀: lítà méjìlélógójì. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó lé díẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi, 23 oṣù Kẹta

Signora pè. Irọ́ kẹta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 oṣù Kẹta

Ewé ti yọ lára méjèèje. Ó kéré bí etí eku. Màmá náà fẹ́ràn wọn. Ní òwúrọ̀ kùtù, tí mo bá ti lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ń lọ síbẹ̀ lẹ́yìn àdúrà. Wọ́n ní àwọn ló ń bá wa tọ́jú rẹ̀. Mo rò pé àdúrà ni wọ́n ń gbà sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 oṣù Kẹrin

Ewé igi méjì nínú àwọn Duke ń pọ́n rúsúrúsú. Iṣan rẹ̀ ṣì dúdú bí ewé, àárín rẹ̀ nìkan ló ń ṣí.

Ọjọ́ Ìsinmi, 6 oṣù Kẹrin

Igi mẹ́rin báyìí. Signora pè nígbà tí mo dúró tì wọ́n gan-an. Mo ní: “Bellissimi, Signora,” pé wọ́n rẹwà gan-an. Irọ́ kẹrin.

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù Kẹrin

Mo di ewé sínú ọ̀rá, mo gbé e lọ sí vivaio.

“Irin ni ebi rẹ̀ ń pa á,” ni bàbá náà wí. “Irin wà nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ò kan mọ́, gbòǹgbò ò lè fà á. Kí lẹ fi sí i?”

“Kò sí nǹkan kan.”

“Signora, ẹnì kan fi nǹkan sí i.”

Mo dé ilé, mo wọn ọ́n. Méje. Márùn-ún ti di méje láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo fura sí kẹ́ẹ̀gì Yéjídé. Mo fura sí èèpo páìnì ọ̀fẹ́. Mo tiẹ̀ fura sí Fabio.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù Kẹrin

Wọ́n yí turno mi, àsìkò iṣẹ́ mi, sí ọ̀sán, nítorí náà mo wà nílé ní agogo mẹ́fà àbọ̀ òwúrọ̀. Mo wo ojú fèrèsé ilé ìdáná. Màmá ń lọ láti igi kan sí òmíràn pẹ̀lú abọ́, wọ́n ń ṣí èèpo páìnì, wọ́n ń bu nǹkan sí i, wọ́n tún ń bò ó padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń da aṣọ bo ọmọ. Mo sáré jáde láìwọ bàtà.

“Kí nìyẹn, mà?”

“Eérú ni. O ní kò nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi rí i pé ó nílò rẹ̀. Wo bó ṣe ń pọ́n. Mo ti ń bu ú sí i láti ọjọ́ tí ẹ ti gbìn ín.”

“Màmá, ẹ̀ ń pa á!”

Mo pariwo mọ́ ìyá ọkọ mi. Ìgbà tí ẹnu mi sì ti là, kò lè padé mọ́. Mo ní eérú ń pa kíkan ilẹ̀. Mo ní Signora, mo ní Bruno, mo ní ilé, mo ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n. Mo ní àwọn igi tí wọ́n hú lọ́jọ́ yẹn, kò sí èyí tó kú nínú wọn.

Wọ́n gbé abọ́ sílẹ̀. “Wọ́n wà láàyè?”

“Wọ́n ń sùn ni, mà. Gbogbo igi ibí ló ń sùn ní ìgbà òtútù.”

“Méjèèje?”

“Méjèèje.”

Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn. “Ìwọ sì kí mi kú iṣẹ́,” ni wọ́n wí.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 oṣù Kẹrin

Bàbá vivaio ní kí n họ gbogbo eérú kúrò pẹ̀lú ilẹ̀ òkè tó kàn án, kí n da torba tuntun sí i. Àpò méjì, 25.00. Irin tí wọ́n ń pò mọ́ omi, 9.80. Imí ọjọ́ lílọ̀ tó ń dá kíkan ilẹ̀ padà, kílò kan, 4.50, ṣùgbọ́n kò ní tètè ṣiṣẹ́. Ó ní bóyá ni gbogbo wọn máa yè.

Màmá ló fi ṣíbí họ ọ́. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, lórí ìkúnlẹ̀, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn dá sí i. Wọn ò jẹun. Nígbà tí Bàbá Victory ti fonderia, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin, dé, kò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n fi pè é.

“Olújùwọ́n, bá mi pe obìnrin náà.”

“Màmá, ẹ ò gbọ́ èdè wọn.”

“Ìyàwó rẹ gbọ́.”

“Ẹ jẹ́ kí oṣù Karùn-ún parí, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́.”

“Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù yìí ni bàálù mi. Ṣé kí n gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí Ìkìrun ni? Opó lèmi náà. Kòkó tí bàbá rẹ gbìn ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá hú u, tó sì ń kí mi lójoojúmọ́ pé ‘ó wà dáadáa’, kí ni kí n pe onítọ̀hún?”

“Bó bá wá lé wa jáde ńkọ́?”

“Á jẹ́ pé èmi ni mo lé yín. Ọkọ́ mi ló lé yín. Má jẹ́ kó jẹ́ ẹnu rẹ.”

Bàbá Victory dúró síbẹ̀ pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi, 13 oṣù Kẹrin

A pè é ní agogo mẹ́rin ọ̀sán. Mo gbé fóònù sórí àga kí ohùn rẹ̀ lè jáde. Màmá kúnlẹ̀ níwájú àga. Wọ́n ń sọ, mo ń túmọ̀. Mo lè yí i padà. Mo lè ní kòkòrò ti jẹ igi náà tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀ nínú àwọn méjèèjì. Ó dé ètè mi. Victory jókòó níbẹ̀, ó gbọ́ èdè méjèèjì, ó ń wo ẹnu mi. Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà: wọ́n hú u, wọ́n fi dáná, a mọ̀, a dákẹ́.

Mo ń wo bí fóònù ṣe ń ka àkókò. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlá ni Signora fi wà lórí ìlà. Ó pa á.

Kí a tó jẹun alẹ́, Fabio kọ̀wé: “Veniamo a Pasquetta.” Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Wọ́n ń bọ̀ ní ọjọ́ kejì Àjíǹde.

Ọjọ́ Ajé, 21 oṣù Kẹrin

Wọ́n dé ní agogo mọ́kànlá. Ọ̀pá méjì ni Signora fi ń rìn, ó ti rù. Kò kí wa ju “Buongiorno” lọ. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ tààrà sẹ́yìn, a sì tẹ̀ lé e bí ẹni ń tẹ̀ lé òkú.

Màmá ti dúró níbẹ̀ láti agogo mẹ́sàn-án. Bí Signora ṣe yọ, wọ́n kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́.

Signora ta gìrì. “Kí ló ṣe é? Ẹ gbé e dìde! Orúnkún rẹ̀!”

“Ó ń bẹ̀ yín ni, Signora. Bí a ṣe ń bẹ̀bẹ̀ nìyẹn.”

“Kó dìde kó tó bẹ̀bẹ̀. Tí kò bá lè dìde mọ́, èmi ò lè gbé e.”

Mo sọ ọ́ fún Màmá. Wọn ò dìde. “Sọ fún un pé ọdún kẹtàléláàádọ́rin mi rèé. Olúwa nìkan ni mò ń kúnlẹ̀ fún mọ́. Lónìí, mo kúnlẹ̀ fún òun.”

Mo túmọ̀ rẹ̀. Signora yíjú sí mi.

“Níbo ni igi àwọn ti tẹ́lẹ̀ wà?”

“Ó ti jóná, Signora.”

“Gbogbo rẹ̀? Ẹ̀ka kan ò kù?”

“Kò kù.”

Ó kọjú sí ògiri, ó yọ áńkáṣíìfù. Fabio fẹ́ dì í mú, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tì í sẹ́yìn. Nígbà tó yíjú padà, ó ní kí n gbé àga wá.

Ó jókòó síwájú igi àkọ́kọ́. Òdòdó ti yọ lára wọn, funfun, wọ́n dorí kodò bí agogo kéékèèké. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná já wọn, ó ń jù wọ́n sílẹ̀.

“Yéè!” ni Màmá ké. “Ó ń já òdòdó rẹ̀! Ẹ̀san ló ń gbà ni?”

Mo bi Signora léèrè. Kò gbójú sókè. “Aláìsàn tún lè gbé oyún? Lọ́dún yìí, kó wá gbòǹgbò fún ara rẹ̀. Sọ fún un.”

Mo sọ fún Màmá. Wọ́n ronú sí i, wọ́n dìde, wọ́n gbọn orúnkún, wọ́n fa àpótí sídìí igi kejì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í já tiwọn. Nígbà tí Màmá fẹ́ fi igi náà sílẹ̀, Signora na ọ̀pá sí òdòdó kan tó ṣì kù. Màmá já a. Báyìí ni wọ́n ṣe lọ títí dé igi keje, ẹnì kan ò gbọ́ èdè ẹnì kejì. Mo gbá òdòdó náà jọ, mo kà á: 212.

Ní gbogbo àkókò yẹn, Fabio wà nínú ilé pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn yàrá. Mo gbọ́ tó ń ka nọ́ńbà sínú fóònù. Ó sọ fún Bàbá Victory pé kó má bínú, kí òun kàn lè mọ̀ ni.

Kí Signora tó wọ mọ́tò, ó dúró sí iwájú mi. “Ìwọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lo purọ́ fún mi.”

“Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni, Signora.”

Ó wọ mọ́tò. Kò sọ nǹkan kan nípa ilé.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 oṣù Kẹrin

A sin Màmá dé pápákọ̀ òfuurufú Malpensa. Ní ẹnu ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò, wọ́n ní: “Bí wọ́n bá lé yín, ẹ pè mí. Ẹ má fi pamọ́ fún mi mọ́.”

Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù Karùn-ún

Ọkùnrin agenzia kan wá ya fọ́tò ilé. Ó ní Fabio ló rán òun. Ó ti àga sí ẹ̀gbẹ́ kan kí yàrá lè fẹ̀ lójú fọ́tò. Ó ní ilé náà mọ́.

Ọjọ́rú, 14 oṣù Karùn-ún

Ọjọ́ mẹ́sàn-án láìsí òjò. Kẹ́ẹ̀gì méjì ló kù. Mo dín in sí lítà kan àbọ̀ fún igi kan.

Ọjọ́ Ajé, 19 oṣù Karùn-ún

Òjò. Mo jí ní agogo mẹ́rin kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo dúró sídìí kẹ́ẹ̀gì, mo ń pààrọ̀ wọn bí wọ́n ṣe ń kún. Ewé tuntun lára igi mẹ́rin dúdú dáadáa. Mo wọn ilẹ̀: márùn-ún àbọ̀. Apínlẹ́tà kọjá, kò yà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 oṣù Karùn-ún

Igi karùn-ún ti kú. Mo fi èékánná họ èèpo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, gbígbẹ ni gbogbo inú rẹ̀. Mo ní mo fẹ́ pe Signora.

“Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” ni Bàbá Victory wí. “Ó ku ọjọ́ méje. Mẹ́fà ń ṣe dáadáa. Ta ló ní kó o pè é?”

“Bó bá pè, tó bèèrè, kí ni kí n sọ?”

“Kò tíì pè láti Pasquetta. Má fa ẹsẹ̀ ẹni tó ń sùn, Àyọ̀kẹ́. Ọjọ́ méje.”

Kì í fi orúkọ pè mí àfi tí ẹ̀rù bá ń bà á. Mo gba ẹ̀yìn ilé lọ, mo pe Signora.

“Signora, ọ̀kan ti kú.”

“Èwo?”

“Ìkarùn-ún láti ẹnu ọ̀nà.”

Ó mí kanlẹ̀. “Ibẹ̀ ni wàhálà Bruno náà. Omi máa ń dúró níbẹ̀. Hú u. Gbẹ́ ihò náà jìn sí i, kó o da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀. Má tíì gbin nǹkan kan o, ooru á pa á. Ó di ìgbà tí ewé bá wọ́ tán, Novembre.”

Mo ní: “Ìparí Novembre, Signora?”

“Ìparí rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ Dicembre pàápàá, tí ilẹ̀ ò bá tíì dì.”

Ó pa á. Ọgbọ̀n ọjọ́ Novembre, oṣù Kọkànlá, ni contratto wa máa parí. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń ka ọjọ́ bí mo ṣe ń kà á, àbí ọ̀rọ̀ igi nìkan ló ń sọ. Mi ò sọ ti Dicembre, oṣù Kejìlá, fún Bàbá Victory. Bí mo bá ṣì í gbọ́, kó má jẹ́ pé àwa méjèèjì la ṣì í gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 30 oṣù Karùn-ún

Apínlẹ́tà yà sí ilé tó tẹ̀ lé tiwa. Mo dúró lẹ́yìn fèrèsé títí tó fi lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31 oṣù Karùn-ún

Bàbá Victory ò lọ sí straordinario, iṣẹ́ àfikún. Owó 74 euro ló fi jókòó sórí àtẹ̀gùn láti agogo mẹ́jọ. Mi ò bá a sọ ọ́.

Agogo mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, apínlẹ́tà gúnlẹ̀ síwájú ilé pẹ̀lú alùpùpù rẹ̀. Ó wá inú àpò rẹ̀. Bàbá Victory dìde dúró. Ọkùnrin náà na bébà kan sí i, ó ní báwo ni, ó yí alùpùpù rẹ̀ padà. Kò ní kó fọwọ́ sí nǹkan kan. Bíìlì omi ni, 61.20.

A ò kúrò níbẹ̀. Ó di agogo kan, ọ́fíìsì posta ti tì. Ó di agogo mẹ́ta. Fóònù ò dún.

Nígbà náà ni mo sọ ti Dicembre fún un.

Ó lọ mú ṣọ́bìrì, ó hú igi karùn-ún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò náà. Mo ní ó ti tó. Ó ń gbẹ́ ẹ lọ, ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi. Mo jẹ́ kó gbẹ́ ẹ. Nígbà tó jáwọ́, mo fi tápù wọn ọ́n: sẹ̀ǹtímítà méjìlélọ́gọ́ta. A da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, mo sì gbé pákó bò ó kí ẹnikẹ́ni má baà kó sínú rẹ̀ títí di Dicembre.